Òkun Kò Jìnnà, Àwa La Sé Ọ̀nà

Orílẹ̀-èdè 16 ló wà nílẹ̀ Áfíríkà tí kò ní etí òkun. Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ òṣì wọn bá délẹ̀, ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wò ó: àárín ilẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá tẹ̀ wọ́n dó sí, ọ̀nà jìn, ọjà ò lè ṣe kó má wọ́n, kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi. Bí olóṣèlú bá gbẹ́nu lé e, á ní kí wọ́n mú sùúrù, títì tuntun ń bọ̀, rélùwéè ń bọ̀, èbúté ńlá ń bọ̀. Èrò yìí ti mọ́ wa lára débi pé a kì í bi í léèrè mọ́. Mo takò ó pátápátá. Máàpù kọ́ ló ń fìyà jẹ Niger, Mali, Chad àti Burkina Faso. Ọwọ́ ènìyàn ni: ọwọ́ tó fi igi dábùú ọ̀nà, ọwọ́ tó ń gbowó nídìí igi náà, ọwọ́ tó ti pín ẹrù fún ẹgbẹ́ onímọ́tò kí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀, ọwọ́ ààrẹ tó buwọ́ lùwé pé kí wọ́n ti bodè. Púpọ̀ nínú ọwọ́ wọ̀nyí ló sì jẹ́ ti àwa tí a ní òkun.

Ẹ wo Niger. Kí ìfipágbàjọba ọdún 2023 tó dé, èbúté Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin ni púpọ̀ nínú ẹrù rẹ̀ ń gbà wọlé. Láti Kútọnu dé Niamey fi díẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Tírélà á gba Bohicon, á gba Dassa tí àwa ń pè ní Ìdáìsà, á kọjá ní Savè, ìyẹn Ṣábẹ̀ ilẹ̀ Oníṣábẹ̀, á wọ Parakou, á sì já sí Malanville létí Odò Ọya. Tó bá ti sọdá afárá sí Gaya, ó ti wọ Niger nìyẹn. Ọmọ Yorùbá tó bá ń bá tírélà náà lọ yóò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní Ìdáìsà, ní Ṣábẹ̀, títí kan ọjà Parakou. Ta ló wá sọ pé ẹgbẹ̀rún kìlómítà jẹ́ ègún? Láti Èkó dé Kánò, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà náà ni. Màlúù, ẹ̀wà, tòmátì àti àlùbọ́sà ń gba ọ̀nà yẹn wá sí Mile 12 lójoojúmọ́. Obì Ṣàgámù àti ọjà èbúté Àpápá ń gba ibẹ̀ gòkè. Ọ̀nà náà kò dára tó, àwọn agbófinró ń yọ awakọ̀ lẹ́nu níbẹ̀, ajínigbé sì ti sọ apá kan rẹ̀ di ibi ẹ̀rù. Síbẹ̀, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Kánò ní ìlú tí Ọlọ́run fi òkun dù. Bí Kánò ṣe jìnnà sí omi iyọ̀ ni Niamey náà ṣe jìnnà sí i. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìjọba kan ṣoṣo ló ń ṣàkóso láti Èkó dé Kánò, kò sì sí aláṣẹ kankan tó lè fi ìwé àṣẹ kan gé Kánò kúrò lára èbúté rẹ̀.

Kódà, èbúté wo ni yóò jẹ́ ti Niger, inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó. Nígbà tí rélùwéè láti Èkó ti dé Kánò ní nǹkan bí ọdún 1912, ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹ̀pà Maradi àti Zinder ni kó gba Kánò lọ sí Àpápá, ibẹ̀ ló sì ń gbà. Àárín ọdún 1950 sí 1960 ni ìjọba Faransé dìde sí i. Wọn ò fẹ́ kí èrè ẹ̀pà wọn máa gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ni wọ́n bá dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní Opération Hirondelle, wọ́n fi ọkọ̀ kó ẹ̀pà lọ sí Parakou, láti ibẹ̀ rélùwéè gbé e dé Kútọnu. Ní 1959 wọ́n dá àjọ tó wá di OCBN sílẹ̀ fún Dahomey, ìyẹn Benin òde òní, àti Niger láti jọ máa bójú tó ọ̀nà náà. Irin rélùwéè yẹn kò kọjá Parakou títí di òní. Láàárín 2014 sí 2016, iléeṣẹ́ Faransé kan tún ri irin nǹkan bí 140 kìlómítà mọ́lẹ̀ láti Niamey dé Dosso. Irin náà kò so mọ́ ohunkóhun, nítorí ẹjọ́ lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ náà dá a dúró ní Benin. Kò sí òkè, kò sí aginjù, kò sí odò tó dí ọ̀nà láàárín Parakou àti Dosso ju àìgbọ́ra-ẹni-yé lọ.

Owó ọkọ̀ ni ká wá bọ́ sí báyìí, nítorí òun ni àwọn tó ń dárò máàpù máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Lọ́dún 2009, Báńkì Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí Supee Teravaninthorn àti Gaël Raballand kọ lórí ohun tí ẹrù ń ná lójú ọ̀nà Áfíríkà. Wọ́n ya ohun tí ó ń ná ọlọ́kọ̀ láti gbé ẹrù sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́rù. Wọ́n rí i pé ìnáwó ọlọ́kọ̀ Áfíríkà kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbòmíràn lọ. Owó tí ẹlẹ́rù ń san ló ga fíofío, pàápàá jù lọ ní Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Bí jíjìnnà bá ni ọ̀tá, ìnáwó ọlọ́kọ̀ náà ìbá ga bákan náà. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, ẹnìkan ló ń jẹ ẹ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Ìjọba méjì á ṣàdéhùn pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹrù tó ń lọ sí orílẹ̀-èdè tí kò ní òkun, ọkọ̀ orílẹ̀-èdè náà ni yóò gbé e. Ìdá kan tó kù, ọkọ̀ ará etí òkun. Láàárín Cameroon àti Chad, 65 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti Chad, 35 ni ti Cameroon. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ onímọ́tò àti ọ́fíìsì tó ń pín ẹrù á to gbogbo ọkọ̀ ní ìlà. Tour de rôle ni wọ́n ń pè é lédè Faransé. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ gbé. Létí, ó dà bí òdodo. Ẹ wo ohun tó ń ṣe. Oníṣòwò tó mọ ọlọ́kọ̀ tó ṣeé fọkàn tán kò lè bá a dúnàádúrà fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tí ìlà bá kàn ni yóò gbé ẹrù rẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí táyà rẹ̀ ti pá. Ẹni tó yáwó ra tírélà tuntun kò rí èrè kankan nínú rẹ̀, torí ìlà kan náà ni òun àti ògbólógbòó ọkọ̀ jọ wà. Kí ni yóò wá sún ènìyàn ra tuntun? Ọkọ̀ á dúró sójú kan ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó kàn án. Tó bá wá kàn án, olówó ọkọ̀ á di ẹrù lé e lórí kọjá agbára rẹ̀, kí ìrìn àjò kan ṣoṣo náà lè san gbèsè ọjọ́ tó fi dúró. Ẹrù àpọ̀jù yẹn ló ń fọ́ títì. Títì tó fọ́ yẹn náà ni wọ́n tún ń fi han àwọn olùrànlọ́wọ́ pé òun ló mú ọjà wọ́n, kí wọ́n lè yáwó tún un ṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró dé ìlà, á wá nǹkan tẹ ọ̀gá lọ́wọ́.

Wọ́n á sọ fún wa pé ìlà náà ń dáàbò bo awakọ̀ tálákà. Awakọ̀ kọ́ ló ń jèrè rẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ló ń sùn ní gbogbo ọjọ́ tí ìlà kò kàn án. Ẹran ara rẹ̀ ni ó fi ń sanwó ètò náà. Àwọn tó ń jèrè ni àwọn tó ní ọkọ̀ púpọ̀ tí wọn ò fẹ́ kí ẹni tuntun wọlé, àti àwọn tó jókòó ti ìwé orúkọ. Rwanda gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn ọdún 1994 ó tú ìdè tó wà lórí gbígbé ẹrù, ó jẹ́ kí ẹlẹ́rù àti ọlọ́kọ̀ bára wọn sọ̀rọ̀, owó ọkọ̀ sì já wálẹ̀ gidigidi. Kigali kò sún mọ́ òkun ní ìṣísẹ̀ kan.

Èbúté fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀. Ìwé mìíràn tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2012, tí Raballand náà wà lára àwọn tó kọ ọ́, yẹ èbúté orílẹ̀-èdè mẹ́fà wò. Ó rí i pé nígbà yẹn, yàtọ̀ sí Durban, ẹrù ń lo nǹkan bí 20 ọjọ́ nínú èbúté Áfíríkà. Ní èbúté ńlá níbòmíràn, kì í pé ọ̀sẹ̀ kan. Nínú gbogbo àkókò tí ẹrù fi ń ti etí òkun dé ìlú àárín ilẹ̀, ó ju ìdajì lọ tó fi ń jókòó sínú èbúté, ṣáájú kí táyà tó yí rárá. Ẹ ro ìyẹn wò. Ọ̀nà jíjìn la ń ké lé lórí, ẹrù náà kò sì tíì bọ́ sójú ọ̀nà. Ohun tó dùn mí jù nínú ìwé yẹn ni pé àwọn olówó kan nínú àwọn tó ń kó ẹrù wọlé fẹ́ràn ìdádúró náà. Wọ́n ń fi àgbàlá èbúté ṣe sítọ́ọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé oníṣòwò kékeré kò lè fara da irú ìdúró bẹ́ẹ̀, ọjà á ṣẹ́kù fún àwọn nìkan.

N kò ní fi àìlókun bo àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí láṣìírí. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, UEMOA, àjọ ìṣọ̀kan ọrọ̀ ajé kan ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ sí fún awakọ̀ ní ìwé tí wọ́n á fi máa kọ gbogbo ibi tí wọ́n ti dá wọn dúró sílẹ̀, wákàtí tó gbà, àti owó tí wọ́n fi tọrọ ọ̀nà. Ìròyìn jáde léraléra. Mali, tí kò ní òkun, wà lára ibi tí owó ẹ̀yìn gbígbà ti burú jù lọ. Ọlọ́pàá, sójà, aṣọ́bodè àti àwọn mìíràn ń jẹ ẹrù ìlú tiwọn, kì í ṣe ti àlejò. Ìjọba tó bá ń lọ sí ìpàdé àgbáyé lọ sunkún pé òun kò ní èbúté, tó sì ń fi owó ojú ọ̀nà bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kò san owó oṣù tó tọ́ fún, ẹkún rẹ̀ kò mọ́. Síbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn kò pa tiwa rẹ́, torí ẹni tó di ẹnu ọ̀nà mú lágbára ju ẹni tó wà ní ìyẹ̀wù lọ.

Àwa Yorùbá ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ èyí. Ìbàdàn kò tó 150 kìlómítà sí Èkó. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pẹ̀lú gbogbo agbára ogun rẹ̀, kò lè fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra iyọ̀ àti ìbọn létí ọ̀sà. Ẹ̀gbá di ọ̀nà kan mú, Ìjẹ̀bú di èkejì mú. Oníṣòwò òkè kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí wọ́n dá ọjà sí. Ará Ìjẹ̀bú ni yóò ra ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni yóò tà fún un, èrè tó wà láàárín á sì dúró sí Ìjẹ̀bú. Oníbodè ń gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 1877, nígbà tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, rán ènìyàn lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ ra ohun ìjà, ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá, ogun náà sì gbilẹ̀ di Kírìjì tó jó ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀nà dídí náà kọ́rùn, ó ní òun fẹ́ ṣí ọ̀nà fún òwò, ó sì kó ìbọn ńlá lọ pa Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọn lọ́dún 1892. Ìjẹ̀bú pàdánù òmìnira, Ìbàdàn náà kò pẹ́ kó tó pàdánù tirẹ̀. N kò gbè sẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì. Olè tó rí ilé tó ń jà ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé Ìbàdàn jẹ́ orílẹ̀-èdè tí kò ní òkun, nígbà tí ìrìn ọjọ́ mélòó kan péré ló wà láàárín òun àti òkun. Ọ̀nà kì í gùn bí aládùúgbò bá fẹ́ kó kúrú.

Àwọn tó gba ìjọba lọ́wọ́ òyìnbó kò kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960, ìṣọ̀kan Mali àti Senegal tú ká, rélùwéè tó so Bamako mọ́ Dakar sì di gígé títí di 1963. Òyìnbó tó kù sórí oyè náà ṣe é: ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, Ian Smith, olórí ìjọba Rhodesia, ìyẹn Zimbabwe òde òní, ti bodè mọ́ Zambia, òwò Zambia sì ní láti wá ọ̀nà mìíràn gbà. Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo ilé wa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon ti Benin jọ ṣí ọ́fíìsì ibodè àjọlò ní Sèmè-Kraké, láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, tí wọ́n fi owó Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ́, kí ọkọ̀ lè dúró lẹ́ẹ̀kan péré dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Kò pé ọdún kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti gbogbo bodè ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹrù, títí dé Ìlléla àti Maigatari tó kọjú sí Niger, kò sì ṣí wọn padà títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Niger kọ́ ló ṣẹ̀ wá. Wọ́n ní nítorí ìrẹsì fàyàwọ́ ni. Ìrẹsì kò rọjú lọ́jà wa. Ńṣe ni owó oúnjẹ ń gòkè ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2023. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, àwọn ológun gbàjọba ní Niamey. Kí oṣù tó parí, ECOWAS ti pa gbogbo bodè dé mọ́ Niger, kò sì pẹ́ tí Nàìjíríà fi gé iná mànàmáná tí Niger gbára lé fún ìpín tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀. Tírélà tó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní tò sí Malanville. Oògùn wà nínú wọn. Oúnjẹ wà nínú wọn. Ọkọ̀ àlùbọ́sà Galmi, tí gbogbo ẹkùn yìí mọ̀ mọ́ Niger, kò rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ wá sí Benin. Àwọn ológun tí wọ́n ní àwọn ń bá wí kò sun oorun ebi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìyá tó ń ra mílíìkì ọmọ ní Dosso ló sun ún, àti obìnrin ọlọ́jà ní Malanville tí oníbàárà rẹ̀ wà lódì kejì odò. Èbúté Kútọnu náà pàdánù ẹrù. Nígbà tí ECOWAS gbé ìjìyà náà kúrò ní oṣù Kejì ọdún 2024, Niger ló wá kọ̀ tí kò ṣí bodè tirẹ̀ sí Benin. Ó mú ẹrù rẹ̀ gba Lomé, kọjá Burkina Faso, pẹ̀lú sójà tó ń sin ọkọ̀, torí àwọn agbébọn wà lójú ọ̀nà náà. Ọ̀nà jíjìn tó léwu ni wọ́n yàn lórí ọ̀nà kúkúrú tí wọn kò lè fọkàn tán mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, Benin náà fi ẹsẹ̀ lé epo rọ̀bì tí Niger fi páìpù nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì kìlómítà gbé dé Sèmè, ó ní òun kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi gbé e àfi kí Niger ṣí bodè. Ó padà yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ti wọlé: kò sí irin, kò sí páìpù, kò sí títì tí aládùúgbò kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu kan sọ di asán.

Mo mọ èsì tí wọ́n ń fún irú mi. Wọ́n á ní: ṣé kí a kàn máa wo àwọn ológun níran? Rárá. Ẹ dí owó wọn ní báńkì, ẹ má fún wọn ní físà, ẹ má gbà wọ́n ní ìpàdé. Àwọn ni yóò jẹ ìyà yẹn. Ẹrù tó ń kọjá lọ kì í ṣe tiwọn. Ní ọdún 2025, àwọn agbébọn JNIM dá ọ̀nà epo Mali mú, wọ́n ń sun ọkọ̀ tó ń gbé epo bọ̀ láti Senegal àti Ivory Coast, Bamako há débi pé ìjọba ti iléèwé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo ayé pè é ní ìwà ìkà, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ECOWAS ti fi ìwé àṣẹ sé Mali yìí kan náà mọ́lé fún oṣù mẹ́fà. N kò sọ pé ọwọ́ àwọn méjèèjì dọ́gba. Mo ń sọ pé ohun ìjà kan náà ni wọ́n mú lọ́wọ́, ẹni kan náà ló sì bà.

Wọ́n á tún mẹ́nu ba fàyàwọ́. Òótọ́ ni; ẹni tó bá ní kò sí, kò mọ bodè wa. Ẹrù tí ìwé rẹ̀ sọ pé Niger ló ń lọ ti ń yà bàrá sínú igbó, ó ń já sí Nàìjíríà láti ọjọ́ pípẹ́, ìrẹsì ni, mọ́tò ni. Ṣùgbọ́n àwa la gbé owó orí ìrẹsì àti mọ́tò ga débi tí ó fi ń san onífàyàwọ́ láti kó o wọlé. Ìwòsàn rẹ̀ wà: ẹ fi àgádágodo tó ń fi ibi tó wà hàn lórí ẹ̀rọ dí ẹ̀yìn tírélà, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà aṣọ́bodè Kútọnu máa bá ti Niamey sọ̀rọ̀. ECOWAS ti ní ètò bẹ́ẹ̀, SIGMAT ni orúkọ rẹ̀. Bodè tí a tì pa, oníṣòwò tó ní ìwé lọ́wọ́ nìkan ló ń dá dúró. Fàyàwọ́ kò gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti rélùwéè àti afárá, n kò lòdì sí wọn. Mo lòdì sí kí a máa fi wọ́n ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè tí a kò bi wọ́n. China yáwó fún Tanzania àti Zambia láti ṣe TAZARA, irin 1,860 kìlómítà láti Dar es Salaam, tí wọ́n parí ní 1975 kí Zambia lè bọ́ lọ́wọ́ Rhodesia. Wọ́n ṣe é láti gbé mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù lọ́dún. Nígbà tó di nǹkan bí 2015, ohun tó ń gbé kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn. Irin náà wà níbẹ̀. Ìṣàkóso ni kò sí. Ẹ tún wo afárá Kazungula tó sọdá odò Zambezi láàárín Botswana àti Zambia, tí wọ́n ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Afárá náà tẹ̀ kọ́rọ́. Omi kọ́ ló tẹ̀ ẹ́. Wọ́n yí i kí ó má baà kan ilẹ̀ Zimbabwe, torí kò sí àdéhùn pẹ̀lú Zimbabwe nígbà tí wọ́n yàwòrán rẹ̀.

Ibi tí ènìyàn ti jáwọ́ nínú dídí ọ̀nà, àbájáde rẹ̀ kì í pẹ́. Ní Chirundu, láàárín Zambia àti Zimbabwe, wọ́n ṣí ibodè ìdúró ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 2009. Ọkọ̀ tó ń sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọjá láàárín wákàtí mélòó kan. Ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, láti 2014, òṣìṣẹ́ owó orí Ùgáńdà àti Rwanda jókòó sí Mombasa pẹ̀lú ti Kẹ́ńyà. Wọ́n ń ṣírò owó orí níbẹ̀, ẹlẹ́rù á san án kí ẹrù tó kúrò ní èbúté, kò sì sí ìdí láti tún máa tú u wò lójú ọ̀nà. Ìrìn Mombasa sí Kampala tó ń gba nǹkan bí ọjọ́ 18 já sí nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin. Títì kan náà ni. Kò sí kìlómítà kan tó dín kù nínú rẹ̀.

Èyí tó léwu jù nínú àwíjàre máàpù ni pé ó ń bí ogun. Bí àìlókun bá jẹ́ ègún, ẹni tó ní agbára á fẹ́ fi ipá wẹ̀ ẹ́ kúrò. Ethiópíà pàdánù etí òkun nígbà tí Eritrea gba òmìnira ní 1993. Ogun 1998 sí 2000 wá ti ilẹ̀kùn èbúté Assab ti Eritrea pa, Djibouti sì di ọ̀nà tó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá òwò rẹ̀ ń gbà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Abiy Ahmed, olórí ìjọba Ethiópíà, bọ́ sí gbangba ó ní ọ̀rọ̀ òkun jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú fún orílẹ̀-èdè òun. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2024 ó bá Somaliland, tí Somalia kà sí apá ilẹ̀ rẹ̀, fọwọ́ síwèé lórí ọ̀nà dé òkun, Somalia sì fárí gá. Ẹ̀rù Ethiópíà kò ṣàìnídìí, ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jẹun yóò máa bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kò nílò ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ìdánilójú ló nílò, pé ọ̀nà náà kò ní di títì láéláé, àti iye owó tí kò ní máa yí bí ojú ọ̀run.

Òfin ti wà tó sọ bẹ́ẹ̀. Abala 125 nínú Àdéhùn Àgbáyé lórí Òfin Òkun ti 1982 fún orílẹ̀-èdè tí kò ní etí òkun ní ẹ̀tọ́ láti dé òkun kí ó sì padà, àti òmìnira láti kọjá lórí ilẹ̀ aládùúgbò. Nàìjíríà àti Benin fọwọ́ sí i. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ àánú. Abala yẹn náà gba ará etí òkun láyè láti dáàbò bo ohun tó jẹ́ tirẹ̀, kí òun àti aládùúgbò sì jọ fẹnu kò lórí bí wọ́n á ṣe ṣe é. Inú ààyè yẹn ni gbogbo ìjọba wa ń sá pamọ́ sí. Ní 1982 yìí kan náà, ECOWAS fi àdéhùn lélẹ̀ lórí ẹrù tó ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Kò sí ohun tó tún yẹ ká dá sílẹ̀ ní tuntun, bí kò ṣe pé kí a dí ihò tó wà nínú èyí tó wà.

Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. Orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò ní òkun ló jáde, àwọn tó ní òkun ló kù sílé. Ìwé tuntun gbọ́dọ̀ wà láàárín ìhà méjèèjì, ohun tí mo sì fẹ́ kí Nàìjíríà kọ́kọ́ fi sórí tábìlì ni gbólóhùn kan: ẹrù tó ń kọjá lọ kò ní sí nínú ìjìyà èyíkéyìí, ì báà jẹ́ nítorí ìfipágbàjọba, ìbò tàbí ìbínú, ẹni tó bá sì dá a dúró yóò san owó ìtanràn fún ẹlẹ́rù, kì í ṣe fún ìjọba. Àwa ló yẹ ká kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, torí àwa la tóbi jù, àwa la sì ti bodè fún oṣù mẹ́rìndínlógún láìbi ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, kí a fa ìlà tour de rôle ya ní gbogbo èbúté láti Abidjan dé Douala, kí ẹlẹ́rù máa yan ọlọ́kọ̀ rẹ̀. Rélùwéè Kánò sí Maradi tí Ààrẹ Buhari fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 2021 ń gba Katsina àti Jibiya lọ, owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n ná an lé. Kí ó tó gbé àpò ẹ̀wà kan, kí Abuja ti kọ ọ́ sínú òfin pé ààrẹ kankan, ẹni yòówù kó jẹ́ àti ìdí yòówù kó ní, kò lè dá ẹrù Niger dúró ní Jibiya.